Eyam, Abúlé tí ó Ti Ìlẹ̀kùn Mọ́ Ara Rẹ̀: Ìtàn, Àṣà àti Àròbá

Ìfáárà

Àròbá ni baba ìtàn. Ohun tí àwọn àgbà ń fi òwe yìí sọ ni pé kí ìwé tó dé ni ẹnu ti wà, àti pé ohun tí baba sọ fún ọmọ ni ọmọ náà ń gbé lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó gbà pé àwọn ìran tí kò ní ìwé nìkan ni òwe yìí ń bá wí. Wọ́n rò pé inú ìwé ni gbogbo ìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà, pé àwọn kò gbára lé àròbá rárá. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Abúlé kékeré kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Eyam. Bí wọ́n ti ń kọ orúkọ náà kọ́ ni wọ́n ń pè é. Íìmù ni ó ń jẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ibẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní abúlé yìí láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1665 títí di oṣù kọkànlá ọdún 1666 ti sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ìwé sọ díẹ̀ nínú ìtàn náà, òkúta ojú oórì sọ díẹ̀, ẹnu àwọn àgbà sì sọ èyí tí ó kù.

Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yìí ni láti ro ìtàn náà bí ó ti wà, láti ṣàlàyé àwọn àṣà tí ó ti inú rẹ̀ jáde, àti láti wádìí ìbéèrè kan tí ó ṣe pàtàkì: ṣé lóòótọ́ ni àwọn ará Eyam fi ẹ̀mí ara wọn dí ọ̀nà ikú mọ́ àwọn aládùúgbò wọn, àbí ńṣe ni wọ́n há sí ibi tí wọn kò ti lè jáde?

Ibùdó Eyam àti Iṣẹ́ Àwọn Ará Ibẹ̀

Ẹkùn Derbyshire ni Eyam wà, ní agbègbè olókè tí wọ́n ń pè ní Peak District. Òkè gíga kan tí ó ń jẹ́ Eyam Edge dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní apá àríwá bí ògiri. Òkúta ẹfun ni ó pọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀, àfonífojì tóóró-tóóró sì pọ̀ láàrin àwọn òkúta náà. Àwọn onímọ̀ èdè so orúkọ abúlé náà mọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí ó túmọ̀ sí erékùṣù, tàbí ilẹ̀ tí omi yí ká. Orúkọ rẹ̀ wà nínú Domesday Book, ìwé ńlá tí Ọba William Aṣẹ́gun ní kí wọ́n fi ka ilẹ̀ àti ohun ìní káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1086. Àgbélébùú olókúta kan sì wà ní àgbàlá ilé ìjọsìn ibẹ̀, tí ó ti tó nǹkan bí 1,200 ọdún. Èyí fi hàn pé Eyam kì í ṣe abúlé àná.

Iṣẹ́ méjì ni ó ń bọ́ àwọn ará Eyam láyé àtijọ́. Èkíní ni iṣẹ́ àgbẹ̀ àti sísin àgùntàn. Èkejì ni wíwa òjé lábẹ́ ilẹ̀. Òjé ni wọ́n fi ń bo òrùlé ilé ńláńlá, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá omi àti ọta ìbọn. Àwọn tí ń wa òjé kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Inú ihò tí ó ṣókùnkùn ni wọ́n ti ń jẹun òòjọ́ wọn. Síbẹ̀ abúlé náà lètò. Ní 1588, wọ́n fa omi ìsun láti òkè wá sínú àwọn ọpọ́n olókúta káàkiri abúlé, kí àwọn ènìyàn lè máa rí omi pọn nítòsí ilé. Àwọn kan nínú ọpọ́n náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Bí Àrùn náà Ṣe Wọlé

Ní ọdún 1665, àjàkálẹ̀ àrùn ńlá kan bẹ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé ìkàkú ti ọdún náà fi hàn pé ó lé ní 68,000 ènìyàn tí àrùn náà pa ní ìlú yìí nìkan, àwọn onímọ̀ sì gbà pé iye tí ó kú gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́ńdọ̀nù jìnnà sí Eyam tó nǹkan bí 150 máìlì. Ẹni tí ó ń wa òjé lábẹ́ òkè Derbyshire kò lè rò pé ohun tí ń pa ará Lọ́ńdọ̀nù lè kan ilé òun. Ṣùgbọ́n àrùn kò nílò ẹsẹ̀ kí ó tó rìn.

Àròbá sọ pé aránṣọ kan wà ní Eyam tí ń jẹ́ Alexander Hadfield. Ní ìparí oṣù kẹjọ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ọdún 1665, wọ́n fi àpótí aṣọ kan ránṣẹ́ sí i láti Lọ́ńdọ̀nù. George Viccars, tí ó ń bá a ṣiṣẹ́, ni ó tú àpótí náà. Ó rí i pé aṣọ náà tutù, ó sì sá a síwájú iná kí ó lè gbẹ. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ara rẹ̀ gbóná, kókó so sí i lára, ó sì kú. Wọ́n sin ín ní ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án. Kí oṣù náà tó parí, Edward Cooper, ọmọkùnrin inú ilé náà, tẹ̀ lé e. Láti ibẹ̀ ni ikú ti ń ti ilé dé ilé.

Ní ayé ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń fa àrùn yìí. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ búburú ni, àwọn mìíràn ní ìbínú Ọlọ́run ni. Ó di 1894 kí oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Alexandre Yersin tó rí kòkòrò àìfojúrí tí ó ń fà á, nígbà tí àrùn kan náà ń jà ní Hong Kong. Ní 1898, Paul-Louis Simond tún fi hàn pé eégbọn tí ń mu ẹ̀jẹ̀ lára eku ni ó ń gbé e ran ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ lóòótọ́ ni aṣọ Lọ́ńdọ̀nù gbé àrùn wá, á jẹ́ pé eégbọn ni ó fi ara pamọ́ sínú ìtẹ́lẹ̀ aṣọ náà, ooru iná ni ó sì jí wọn.

Nígbà tí òtútù ọ̀gìnnìtìn dé, àrùn náà rọlẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù karùn-ún ọdún 1666, iye òkú ti kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi rò pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé ńṣe ni ó fà sẹ́yìn láti lọ mú agbára wá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn ti dé ni ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n, èyí sì burú ju ti ìṣáájú lọ.

Àwọn Àlùfáà Méjì

Ènìyàn méjì ni ìtàn Eyam rọ̀ mọ́. William Mompesson ni àlùfáà ìjọ náà. Ọdún 1664 ni ó dé, kò sì tíì pé ọmọ 30 ọdún. Àlejò ni lójú àwọn ará abúlé. Thomas Stanley ni ó ti jẹ́ àlùfáà níbẹ̀ rí, láti 1644. Lẹ́yìn tí Ọba Charles Kejì padà gorí ìtẹ́, ìjọba ṣe òfin kan ní 1662 pé gbogbo àlùfáà gbọ́dọ̀ gba ìwé àdúrà kan náà. Stanley kọ̀, ó ní ẹ̀rí ọkàn òun kò gbà á. Bí ipò ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn ènìyàn kò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fiyè sí i pé ogun abẹ́lé tí ó jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1642 kò tíì tán lọ́kàn ènìyàn nígbà náà. Ẹgbẹ́ Mompesson àti ẹgbẹ́ Stanley ti ta ẹ̀jẹ̀ ara wọn sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ọba àti ọ̀rọ̀ ìsìn. Ẹni tí ó gba ipò àti ẹni tí wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sábà jọ jókòó. Ṣùgbọ́n bí iná bá ń jó ilé, a kì í bi ẹni tí ó gbé omi dé ní ilé baba rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1666, àwọn méjèèjì pa ohùn pọ̀, wọ́n sì jọ dúró níwájú àwọn ènìyàn. Mompesson nìkan kì bá tí rí abúlé náà gbé. Stanley ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ìpinnu Mẹ́ta

Ìpinnu mẹ́ta ni wọ́n ṣe. Èkíní, kò ní sí ìsìnkú nínú àgbàlá ilé ìjọsìn mọ́. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ni yóò máa sin òkú tirẹ̀, yálà sí ọgbà, sí oko, tàbí sí ẹ̀yìnkùlé. Èkejì, wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn, wọ́n sì gbé ìsìn lọ sí àfonífojì kan tí ó ń jẹ́ Cucklet Delf. Níbẹ̀, lábẹ́ ọ̀run gbalasa, ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, Mompesson yóò sì dúró sínú ihò àpáta kan tí ó rí bí ẹnu ọ̀nà, yóò máa wàásù fún wọn láti ibẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ó nira jù: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní abúlé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọlé, títí àrùn náà yóò fi lọ.

Ta ni yóò máa bọ́ wọn? Ìjòyè ńlá kan, Earl of Devonshire, ń gbé nítòsí nínú ààfin Chatsworth. Òun ni ó gbà láti máa fi oúnjẹ àti oògùn ránṣẹ́. Àwọn ará abúlé mìíràn náà a máa gbé ọjà wá sí ààlà, wọn a gbé e kalẹ̀, wọn a sì yà sẹ́yìn. Òkúta kan wà lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Stoney Middleton tí wọ́n lu ihò sí. Inú ihò wọ̀nyí ni àwọn ará Eyam ń fi owó ọjà sí, wọn a sì da ọtí kíkan lé e lórí, nítorí wọ́n gbà pé ó ń pa àrùn. Orísun omi kan sì wà lókè abúlé tí wọ́n ń lò fún irú iṣẹ́ kan náà. Kànga Mompesson ni wọ́n ń pè é títí di òní. Owó ń kọjá, oúnjẹ ń kọjá, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò kan ọwọ́.

Àwọn tí ó Kú, Àwọn tí ó Ṣẹ́kù

Oṣù kẹjọ ọdún 1666 ni ó burú jù. Ó lé ní 70 ènìyàn tí ó kú nínú oṣù kan ṣoṣo náà. Nínú oko kan tí ń jẹ́ Riley, ní ìta abúlé, ni John Hancock àti Elizabeth ìyàwó rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Láàrin ọjọ́ mẹ́jọ, láti ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ kẹwàá oṣù náà, Elizabeth sin ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́fà. Kò sí ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́. Òun nìkan ni ó gbẹ́ ilẹ̀, òun nìkan ni ó wọ́ òkú wọn dé ibẹ̀. Àròbá sọ pé àwọn ará Stoney Middleton ń wò ó láti orí òkè òdìkejì, wọn kò sì lè sún mọ́ ọn. Yorùbá ní ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nígbà tí ọmọ bá kú tí ìyá ṣẹ́kù. Kí ni ènìyàn yóò pe ti obìnrin tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin méje? Òkúta oórì wọn ṣì wà nínú ọgbà kékeré kan lórí òkè náà.

Ọkùnrin kan tún wà tí ń jẹ́ Marshall Howe, awa-òjé tí ó síngbọnlẹ̀. Àrùn náà mú un ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa á. Èyí ni ó mú kí ó gbà pé kò lè mú òun mọ́. Bí kò bá sí ẹni tí yóò sin òkú nínú ilé kan, Howe ni wọ́n ń pè, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì ni aṣọ tàbí ohun èlò tí ó bá rí nínú ilé náà. Wọ́n ní ó máa ń yára; wọ́n ní ó tilẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ de ẹni tí kò tíì kú. Níkẹyìn, aya rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀ kú. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni àwọn òbí ní Eyam fi ń fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù ba ọmọ tí ó bá ń ṣe agídí.

Àwọn ènìyàn Eyam a sì máa sọ ìtàn Emmott Sydall, ọ̀dọ́bìnrin tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Rowland Torre, jẹ́ ọmọ Stoney Middleton. Àwọn méjèèjì a máa wá sí àfonífojì kan, wọn a dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọn a máa wo ara wọn láìsọ̀rọ̀. Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 1666, Emmott kò wá mọ́. Rowland ń wá síbẹ̀ láìrí i. Ìgbà tí ọ̀nà là ni ó wọ abúlé tí ó sì gbọ́ pé Emmott ti kú tipẹ́.

Ikú kò sì yọ ilé àlùfáà sílẹ̀. Mompesson ti rán àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ sí Yorkshire kí ọ̀nà tó dí. Ó bẹ Catherine aya rẹ̀ pé kí ó bá wọn lọ. Ó kọ̀, ó ní ibi tí ọkọ òun bá wà ni òun yóò wà. Ó ń bẹ àwọn aláìsàn wò títí àrùn náà fi mú òun náà. Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ni ó kú. Ní òpin oṣù náà, ọkọ rẹ̀ kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ náà láti sọ fún wọn pé wọn kò ní ìyá mọ́. Lẹ́tà náà wà títí di òní.

Òpin Àrùn náà

Ní oṣù kẹsàn-án, iye òkú bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ẹni tí ó kú kẹ́yìn ni Abraham Morten, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1666. Nínú lẹ́tà kan tí Mompesson kọ nínú oṣù yìí kan náà, ó ní ilé 76 ni àrùn náà wọ̀, ènìyàn 259 ni ó sì pa. Stanley kú ní Eyam ní 1670. Ní àkókò náà, Mompesson ti kúrò níbẹ̀ lọ sí ìjọ Eakring ní Nottinghamshire. Wọ́n ní ẹ̀rù bà àwọn ará ibẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ ibi tí ó ti ń bọ̀, tí wọ́n fi ní kí ó máa gbé inú ahéré ní ìta ìlú fún ìgbà díẹ̀. Ó gbé ibẹ̀ títí ó fi kú ní 1709.

Ṣùgbọ́n èso ìpinnu náà hàn. Àrùn náà kò ràn dé Stoney Middleton, kò ràn dé Bakewell, kò ràn dé Sheffield tí kò ju nǹkan bí máìlì méjìlá lọ sí wọn. Ní Eyam ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè náà, ní Eyam ni ó sì parí sí.

Àwọn Àṣà tí ó Ti Inú Rẹ̀ Jáde

Ní 1866, tí ọ̀ràn náà pé 200 ọdún, àwọn ará Eyam bẹ̀rẹ̀ ìsìn ìrántí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe é lọ́dọọdún. Ọjọ́ Ìsinmi tí ó kẹ́yìn nínú oṣù kẹjọ ni ó bọ́ sí báyìí. Àwọn ènìyàn yóò tò lọ sí Cucklet Delf, níbi tí àwọn baba ńlá wọn ti dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn yóò kọrin, wọn yóò sì gbàdúrà. Wọ́n a sì máa fi òdòdó sí orí oórì Catherine Mompesson.

Ní àkókò kan náà ni wọ́n ń ṣe kànga lọ́ṣọ̀ọ́. Àṣà gbogbo Derbyshire ni èyí, kì í ṣe ti Eyam nìkan, abúlé Tissington sì ni ó lókìkí jù nínú rẹ̀. Pákó ńlá ni wọ́n máa ń rẹ sínú omi, wọn yóò fi amọ̀ rírọ̀ bò ó, wọn yóò ya àwòrán sí orí amọ̀ náà, wọn yóò wá máa fi ewé òdòdó, èso, èèpo igi àti irúgbìn tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí àwòrán náà yóò fi pé. Ojúlówó ohun tí ó ti inú igbó àti ọgbà jáde ni wọ́n ń lò. Nígbà tí ó bá parí, wọn yóò gbé e dúró létí kànga, àlùfáà yóò sì súre sí omi náà. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, òdòdó á rọ, wọn á sì tú u. Ẹni tí ó bá mọ bí Òṣogbo ṣe ń bu ọlá fún odò Ọ̀ṣun kò ní ṣàìlóye ohun tí ó mú kí àwọn àgbẹ̀ Derbyshire máa dúpẹ́ lọ́wọ́ omi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orísun àṣà méjèèjì yàtọ̀ pátápátá.

Ilé tí àrùn náà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ṣì dúró nítòsí ilé ìjọsìn, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tí ó kú síwájú rẹ̀. Wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan sí abúlé náà ní 1994. Ìkànìyàn 2011 fi hàn pé àwọn ará Eyam kò tó 1,000, ṣùgbọ́n àwọn tí ń wá wò ó lọ́dọọdún pọ̀ ju àwọn tí ń gbé ibẹ̀ lọ fíìfíì.

Níbi tí Àròbá àti Àkọsílẹ̀ Ti Yapa

Ọ̀rọ̀ wá kù síbi ìbéèrè tí ó bẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ yìí. William Wood, ará Eyam, ni ó kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àròbá náà jọ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1842. Nígbà náà, ó ti lé ní 170 ọdún tí àrùn náà ti lọ. Nínú ìwé bí irú èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ ìtàn Howe àti ti àwọn àfẹ́sọ́nà méjì náà. Èyí kò sọ wọ́n di irọ́, ṣùgbọ́n ó béèrè pé kí olùwádìí ṣọ́ra.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ iye ènìyàn. Àròbá sọ pé 350 ni gbogbo ará Eyam, pé nǹkan bí 260 ni ó kú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ikú mú lọ. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí tí ó ti yẹ ìwé owó orí ààrò àti ìwé ìsìnkú wò gbà pé àwọn ará abúlé náà tó 700 tàbí 800. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó kú kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ìyẹn pàápàá pọ̀ jọjọ. Kò sí abúlé tí yóò sin ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ènìyàn rẹ̀ tí yóò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàrin ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti bí ó ṣe tóbi tó lẹ́nu ẹni tí ó ń sọ ọ́.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìfara-ẹni-rúbọ. Onímọ̀ ìtàn Patrick Wallis kọ ọ́ ní 2006 pé àwọn ìran ẹ̀yìn ni ó sọ Eyam di ìtàn akọni bí ó ti wà lónìí. Àwọn kan tilẹ̀ béèrè pé: níbo ni awa-òjé tí kò lówó yóò sá lọ? Àwọn tí ó ní ibi tí wọn yóò sá sí ti rán àwọn ọmọ wọn lọ kí ọ̀nà tó dí, Mompesson náà sì wà nínú wọn. Àwọn abúlé yòókù kò sì ṣetán láti gba ẹnikẹ́ni. Ìtàn kan wà nípa obìnrin Eyam kan tí ó dọ́gbọ́n lọ sí ọjà Tideswell. Nígbà tí wọ́n mọ ibi tí ó ti wá, igbe ni wọ́n fi lé e jáde. Lójú àwọn tí ó mú èyí wá, ẹni tí kò sí ilẹ̀kùn fún kò lè sọ pé òun yàn láti jókòó.

Ìmọ̀ ìṣègùn náà ti dá sí i. Ní 2016, Lilith Whittles àti Xavier Didelot tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi ọjọ́ ikú ẹni kọ̀ọ̀kan àti ilé tí ó ti wá ṣe. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí àrùn náà mú ni ó jẹ́ pé ara ènìyàn ni wọ́n ti kó o, kì í ṣe ara eku. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń pa ìdílé kan tán kí ó tó kan òmíràn. Èyí fi hàn pé ìyapa láàrin ìdílé àti ìdílé tí àwọn àlùfáà náà fi lélẹ̀ kò ṣòfò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń bá jà. Ó sì tún fi hàn pé ẹni tí ó bá sá jáde ní Eyam lóòótọ́ lè gbé ikú dé ilé ẹlòmíràn.

Kí ni ìdájọ́ wá yẹ kí ó jẹ́? Òótọ́ ni pé ọ̀nà kò là fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n kò sí odi tí ó yí Eyam ká, kò sì sí ọmọ ogun tí ó ń ṣọ́ ọ. Òkúta ojú ọ̀nà kò lè di ẹnikẹ́ni mú ní òru. Bí 400 ènìyàn àti jù bẹ́ẹ̀ bá wà nínú abúlé tí ikú ń pa wọ́n lójoojúmọ́ fún oṣù márùn-ún, tí àrùn náà kò sì yọ sí abúlé kan ní ìtòsí, ohun kan ni ó dá wọn dúró yàtọ̀ sí ìbẹ̀rù ará Tideswell. Ó lè jẹ́ pé ìbẹ̀rù, àìní àti ìgbọràn ni ó kọ́kọ́ dá wọn dúró, tí ìfẹ́ aládùúgbò wá dé lẹ́yìn. Ìwà ènìyàn kì í sábà ní ìdí kan ṣoṣo. Àròbá yan ìdí tí ó dára jù nínú wọn, ó sì gbé e ga. Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ni láti mú àwọn ìdí yòókù padà wá sójú táyé láìsọ èyí tí àròbá yàn nù.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn Eyam kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá tó bí ó ti jọ. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn eku kan náà yìí wọ Èkó, ó sì jà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ìjọba àmúnisìn wó ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n sì dá àjọ tí ń tún ìlú Èkó ṣe sílẹ̀ ní 1928 nítorí rẹ̀. Èyí yàtọ̀ gédégédé sí ti Eyam: ní Eyam, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn jókòó, wọ́n gbọ́ àlàyé lẹ́nu ẹni tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, wọ́n sì gbà, ní Èkó, àṣẹ ni ó ti òkè wá. Nígbà tí àrùn Kòrónà sì sé gbogbo ayé mọ́lé ní 2020, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó tún rántí abúlé kékeré náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ kọ nípa àròbá àti ìtàn lè rí ẹ̀kọ́ mẹ́ta mú níhìn-ín. Èkíní ni pé kò sí ìran tí kò ní àròbá, ìbáà ní ìwé, ìbáà máà ní. Èkejì ni pé àròbá lè ṣi iye ka, kí ó má sì ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ó sọ pé 350 ni àwọn ará Eyam, ó sì ṣìnà, ṣùgbọ́n ó sọ pé àrùn náà kò kọjá ààlà, òótọ́ sì ni. Ẹ̀kẹta ni pé olùwádìí tí ó bá tú àṣírí àṣìṣe inú àròbá kò gbọdọ̀ rò pé òun ti tú ìtàn náà ká.

Yorùbá ní ikú yá ju ẹ̀sín. Àwọn ará Eyam kò gbọ́ òwe yìí rí. Ṣùgbọ́n lójú òkúta tí wọ́n lu ihò sí ní ọ̀nà Stoney Middleton, níbi tí ẹni tí ebi ń pa ti ń fi owó sínú ọtí kíkan tí ó sì ń padà sí ilé tí òkú wà, ó dà bí ẹni pé wọ́n mọ ìtumọ̀ rẹ̀.